Tíńtì dúdú kọ́ ló ń lé ooru: Ohun tó yẹ kí onílé àti ọlọ́jà mọ̀ kó tó lẹ ọ̀rá mọ́ gíláàsì

Bí aago méjì ọ̀sán bá ti kọjá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ní agbègbè Post Office nílùú Ìlọrin, oòrùn a yí ojú sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Àwọn kan a fa kọ́tìnì bo gíláàsì tí wọ́n fi owó ńlá ṣe, àwọn kan a gbé páálí tì í, àwọn mìíràn sì ti lẹ ọ̀rá dúdú, èyí tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí tíńtì, mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ inú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù onítíńtì dúdú yóò rí i pé òkùnkùn wà níbẹ̀, ooru náà sì wà níbẹ̀. Ọlọ́jà á tan iná lọ́sàn-án gangan kí oníbàárà lè rí ọjà, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa ké lókè bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Owó ti lọ, ooru kò lọ.

Ohun tó fa èyí kò ṣòro láti lóye. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí tíńtì bá ṣe dúdú tó ni yóò ṣe lé ooru tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dúdú jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú, ooru jẹ́ ọ̀rọ̀ ara, ọ̀rá tó sì ń dí èkíní lè má dí èkejì. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ tíńtì yóò bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó àsán. Bí ó bá tún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́ náà, yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n.

Bí gíláàsì ṣe di ìṣòro

Àwọn baba ńlá kò ní ìṣòro yìí. Nínú àwọn agbo-ilé àtijọ́ ní Ìlọrin, ògiri amọ̀ nípọn, fèrèsé kéré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú ilé tó ń gba oòrùn sára kó tó dé inú yàrá. Nígbà tí bíríkì sìmẹ́ńtì gbòde, fèrèsé lúfà ló bá a wá. Lúfà ní àléébù tirẹ̀, eruku ọyẹ́ ń gba inú rẹ̀ wọlé, olè sì lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú fèrèsé ni atẹ́gùn yóò gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni fèrèsé alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tì sí ẹ̀gbẹ́ dé. Ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí nígbà kan náà. Ní ti àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ìgbàlódé tó wà káàkiri àárín ìlú, wọ́n kàn de gíláàsì ńlá mọ́ iwájú ilé ni, kò sí ibi tó ń ṣí àfi ẹnu ọ̀nà.

Gíláàsì tó mọ́ kedere, tó sì fẹ́lẹ́, ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 83 sí 86 nínú 100 ooru oòrùn tó bá kàn án wọlé. Bí ooru náà bá ti wọlé, tí ó gbá ilẹ̀, tábìlì àti ọjà, àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò gbóná, wọn yóò sì máa tú ooru mìíràn jáde, irú èyí tí kò lè gba inú gíláàsì padà síta tààrà. Ìdí nìyẹn tí inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn, tí wọ́n sì ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, fi máa ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tí kò ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí oòrùn gbé wá

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ojú ń rí kò tó ìdajì gbogbo agbára rẹ̀. Èyí tí ojú kò rí, tí ara ń mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ooru, lé díẹ̀ ní ìdajì. Ẹ̀kẹta kéré gan-an, kò ju bí ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú 100 lọ, òun ni wọ́n ń pè ní UV. Òun ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń pa àwọ̀ aṣọ dà, tó ń mú kí páálí ọjà ṣá, tó sì ń mú kí rọ́bà àti ike máa fọ́ yángá. Ẹni tó ń ta aṣọ òfì, tí Ìlọrin lókìkí fún, tàbí tó ń ta léèsì àti àǹkárá, mọ bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sójú gíláàsì ṣe máa ń rí lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó lé ní ìdajì ooru tó wà nínú apá tí ojú kò rí, ọ̀rá kan lè dí ìmọ́lẹ̀ pátápátá lójú èèyàn, kí ó sì jẹ́ kí apá tó pọ̀ nínú ooru kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá mìíràn lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń kọjá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lára gíláàsì, kí ó sì dá nǹkan bí ìdajì gbogbo ooru oòrùn dúró. Kì í ṣe idán. Ohun tí wọ́n fi sínú ọ̀rá náà ló yàtọ̀.

Ọjọ́ ọ̀rá yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pẹ́ láyé. Ọdún 1966 ni ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rá tí ń dín ooru oòrùn kù lójú fèrèsé. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi rẹ̀ ti ń jáde, mẹ́ta nínú wọn ni wọ́n sì sábà máa ń rí lọ́jà.

Èyí tó rọjú jù ni èyí tí wọ́n kàn pa láró. Aró dúdú ló wà nínú rẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń fa ooru mọ́ra. Bí ó bá ti fà á tán, gíláàsì funra rẹ̀ yóò gbóná, apá kan ooru náà yóò sì tún yí wọ inú ilé. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ láti inú lọ́sàn-án yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àléébù rẹ̀ kejì ni pé aró náà kì í pẹ́ kí ó tó pa àwọ̀ dà. Gbogbo gíláàsì aláwọ̀ àlùkò tí èèyàn ń rí lára ọkọ̀ àti ilé, èyí tí ara rẹ̀ ti wú bí ẹni tí iná jó, irú ọ̀rá yìí ló pọ̀ jù nínú wọn.

Èkejì ni èyí tí wọ́n fi irin tó fẹ́lẹ́ gan-an sínú rẹ̀, tó ń dán bíi díńgí. Dípò kí ó fa ooru mọ́ra, ṣe ló ń dá a padà síta. Lára àwọn tó lágbára jù nínú irú yìí, ó lè dá ìdá 70 sí 80 nínú 100 gbogbo ooru oòrùn dúró. Fún ilé ìkẹ́rù tàbí ọ́fíìsì tí kò nílò kí ará ìta máa wo inú rẹ̀, owó kékeré ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ lè dín agbára fóònù kù nínú ilé, ọlọ́jà tó sì fẹ́ kí oníbàárà máa rí ọjà rẹ̀ láti òpópónà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí ara wọn ni àwọn tó ń kọjá yóò máa rí nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin a tibẹ̀ tún gèlè ṣe, wọn a sì máa bá tiwọn lọ láìwọlé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì. Ẹ̀rún kékeré, tí ojú kò lè rí, ni wọ́n pò mọ́ ọ̀rá náà, àwọn ẹ̀rún yìí sì ń dá ooru tí ojú kò rí lọ́wọ́ kọ́, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Kì í dí fóònù lọ́wọ́, kì í tètè ṣá. Òun ló wọ́n jù, òun náà ni ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ jù, nítorí pé ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin rẹ̀ àti ọ̀rá aláró.

Nọ́ńbà tó yẹ kí èèyàn béèrè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta tíńtì máa ń sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo: «ìdá márùn-ún», «ogún», «márùndínlógójì». Nọ́ńbà yẹn, VLT ni wọ́n ń pè é, iye ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ló ń sọ. Bí ó bá jẹ́ 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bíi òru, bí ó bá jẹ́ 70, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ooru.

Èyí tó ń sọ nípa ooru ni TSER. Gbogbo ooru oòrùn ni wọ́n kó pọ̀, èyí tí ojú ń rí àti èyí tí kò rí, kí wọ́n tó sọ ìdá tí ọ̀rá náà dá dúró. Ibi tí ọgbọ́n àrékérekè máa ń gbà wọlé nìyí: àwọn kan máa ń kọ ọ́ sára páálí ọjà wọn pé ọ̀rá àwọn ń dí ìdá 95 tàbí 99 nínú 100. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, UV ni wọ́n ń sọ, tàbí apá kan ṣoṣo nínú ooru tí ojú kò rí. Dídí UV kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rá gidi ló ń dí tó ìdá 99 nínú rẹ̀. Sẹ̀rámíìkì tó dára, tó sì dúdú díẹ̀, lè ní TSER tó 50 sí 65. Aláró lásán sábà máa ń wà ní 30 sí 40, bí ó ti wù kí ó dúdú tó. Ẹni tó bá ní ọ̀rá tó mọ́ kedere tí TSER rẹ̀ jẹ́ 90, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà, NFRC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, tó ń yẹ fèrèsé àti ọ̀rá fèrèsé wò, tó sì ń kọ iye ooru tó ń gbà á kọjá sí orí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Iye náà, SHGC, máa ń wà láàrin òdo sí ẹyọ kan, bí ó bá sì ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó fún ilẹ̀ olóoru. Ọjà tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tó sì jẹ́ ojúlówó, kò yẹ kó ṣòro fún ẹni tó ń tà á láti mú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde.

Ìdánwò kan wà tí kò nílò ìwé. Kí onítọ̀hún bèèrè fún ègé gíláàsì méjì tí wọ́n ti lẹ oríṣi ọ̀rá méjì mọ́, kí ó sì tan gílóòbù aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ayé àtijọ́, èyí tó máa ń gbóná, sí ẹ̀yìn wọn níkọ̀ọ̀kan. Kí ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí iwájú gíláàsì náà, láìfi kàn án. Láàrin ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ yóò sọ ohun tí ẹnu ẹni tó ń tajà kò sọ. Kì í ṣe òṣùwọ̀n pípé, nítorí ooru gílóòbù kò rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti oòrùn, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ sẹ̀rámíìkì yàtọ̀ sí aró. Gílóòbù LED tuntun kò wúlò fún èyí, nítorí kò ní ooru tí wọ́n ń wá.

Fèrèsé wo ló nílò rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dín owó kù jù. Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, oòrùn máa ń dúró ṣánṣán sórí ìlú náà ní ọ̀sán gangan lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, ní nǹkan bí àárín Oṣù Kẹrin àti ní òpin Oṣù Kẹjọ. Bí oòrùn bá wà lókè ṣánṣán, òrùlé ló ń lù, kì í ṣe fèrèsé. Fèrèsé tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn púpọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tó kọjú sí gúúsù máa ń rí i ní àsìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n òrùlé tó bá yọ síta díẹ̀ lè bò ó.

Àwọn tó wà nínú ìyọnu ni fèrèsé ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn, nítorí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wolẹ̀, ó ń wọlé gbọọrọ láìsí òrùlé tó lè dá a dúró. Nínú méjèèjì, ti ìwọ̀-oòrùn ló burú jù, nítorí ògiri, òpópónà àti afẹ́fẹ́ ti gbóná tán kó tó dé. Onílé tó ní fèrèsé mẹ́wàá lè rí i pé mẹ́ta péré ló nílò ọ̀rá. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó sanwó mẹ́wàá.

Bákan náà, gíláàsì tó ti wà lábẹ́ ìbòrí, tàbí tí ilé ńlá mìíràn ti ṣíji bò, kò ní èrè kankan láti jẹ lára ọ̀rá. Òótọ́ ni pé ohun tó bá dá oòrùn dúró níta, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ ìbòrí páànù tàbí tápólì, dára ju ohun tó ń dá a dúró lẹ́yìn tó ti kan gíláàsì lọ. Ìṣòro ibi bíi Post Office ni pé ojú títì ló wà níwájú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò sáyè láti na ìbòrí jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rá ti wúlò.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń lẹ tíńtì kì í sábà sọ. Bí wọ́n bá lẹ ọ̀rá tó ń fa ooru mọ́ra púpọ̀ mọ́ gíláàsì ńlá tó ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tó ní wáyà nínú, tàbí gíláàsì onípele méjì, àárín rẹ̀ lè gbóná nígbà tí etí rẹ̀ tó wà nínú férémù ṣì tutù. Ìyàtọ̀ yẹn lè mú kí gíláàsì sán láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gíláàsì tí etí rẹ̀ ti sán díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tètè máa ń fọ́ jù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kí onílé àti oníṣẹ́ jọ yẹ etí gíláàsì wò, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó rẹ̀ bí ó bá fọ́.

Bí owó ṣe ń di owó

Iye tí wọ́n bá pè jẹ́ àpapọ̀ nǹkan mẹ́rin: ọ̀rá fúnra rẹ̀, èyí tó ṣòfò nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́, àti ìnira ibi iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kàn sọ fún pé «iye báyìí ni gbogbo ẹ̀» kò tíì mọ ohun tó ń rà.

Ọ̀rá máa ń wá ní ìdìpọ̀ tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mítà 1.52, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ bíi 30 mítà. Ìbú yẹn ló ń pinnu ohun tó máa ṣòfò. Ká mú un pé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan jẹ́ mítà mẹ́ta ní ìbú àti mítà 2.4 ní gíga. Gíláàsì náà lápapọ̀ jẹ́ mítà 7.2 onígun-mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbú mítà 1.5, ọ̀rá tí wọ́n máa gé kò ní ju bíi 7.4 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí òfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gíláàsì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ní ìbú, wọ́n máa gé ọ̀nà mẹ́ta nínú ìdìpọ̀ kan náà, ó sì máa di bíi 11.2. Gíláàsì kò yí padà, owó ti fò.

Ká fi ₦10,000 ṣe owó mítà onígun-mẹ́rin kan, fún ìṣirò lásán, kì í ṣe pé iye ọjà nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦74,000, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ ₦112,000. Ẹni tó bá wà ní ipò kejì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún àwọn ègé tó ṣẹ́kù, èyí tó jẹ́ bí ìdajì mítà ní ìbú, nítorí ó ti sanwó wọn. Wọ́n lè fi ṣe fèrèsé kékeré ẹ̀yìn ilé. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀, àwọn ègé náà a sì tún di ọjà fún ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò lè jẹ́ iye kan náà níbi gbogbo. Gíláàsì tí ọ̀rá àtijọ́ ti gan mọ́ máa ń gba àkókò ju lílẹ tuntun lọ, nítorí wọ́n ní láti fi abẹ àti omi ọṣẹ ha gbogbo lẹ́ẹ̀mù rẹ̀ kúrò. Gíláàsì orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ àkàbà tàbí àgbékà. Irin ààbò tó wà nínú fèrèsé máa ń dí ọwọ́ oníṣẹ́, torí pé láti inú ni wọ́n ti ń lẹ ọ̀pọ̀ ọ̀rá. Gbogbo èyí ló yẹ kí wọ́n wá fojú rí kí wọ́n tó pe iye. Ẹni tó bá pe owó lórí fóònù láìrí fèrèsé, tí kò sì béèrè ìwọ̀n rẹ̀, àfẹnujẹ́ lásán ló ń sọ.

Ṣé owó náà ń padà wá? Ìṣirò kan lè tọ́ ọ̀nà. Gíláàsì mítà 7.2 onígun-mẹ́rin kan náà, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, lè gba bíi wátì 600 lórí mítà onígun-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá mú. Gíláàsì lásán yóò jẹ́ kí nǹkan bíi wátì 3,600 wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù «wan họ́ọ̀sì» kan ń kó ooru tó tó wátì 2,600 jáde, nítorí náà oòrùn yẹn nìkan ti ju agbára rẹ̀ lọ, kó tó kan ooru èèyàn, ti iná àti ti ògiri. Bí ọ̀rá tó dára bá dín ohun tó ń wọlé kù sí ìdá 45 nínú 100, wátì 1,950 ló kù. Wátì 1,650 ni ẹ̀rọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù máa ń fi bíi wátì iná kan kó wátì ooru mẹ́ta jáde, iná tí wọ́n rí fi pamọ́ jẹ́ bíi wátì 550. Bí oòrùn bá mú fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ó di bíi yúnìtì 1.65. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó iná mànàmáná, NERC, gbé owó yúnìtì kan fáwọn oníbàárà Band A láti ₦68 sí ₦225, iye náà sì ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Bí wọ́n bá fi ₦225 ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ bíi ₦370 lójúmọ́, tàbí ₦9,280 ní ọjọ́ 25. Ọ̀rá ₦74,000 òkè yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù mẹ́jọ tí oòrùn fi mú kó tó san ara rẹ̀, ti ₦112,000 yóò sì gba bí ọdún kan. Òjò àti ìkúùkù yóò fà á gùn sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń lò, yúnìtì iná ọ̀hún wọ́n jù báyìí, owó rẹ̀ yóò sì tètè padà.

Fún ẹni tó jẹ́ pé fáànù nìkan ló ní, kò sí owó iná tó máa padà wá. Ìrọ̀rùn ara ló rà, àti àwọ̀ ọjà rẹ̀ tó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó ṣá. Ìyẹn náà lérè, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi owó iná tàn án.

Ti ọkọ̀ yàtọ̀

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lókè, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló wà fún. Òfin kò dí onílé lọ́wọ́ láti lẹ ọ̀rá mọ́ fèrèsé rẹ̀. Ti ọkọ̀ ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1991, èyí tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ gíláàsì ọkọ̀ di dúdú tàbí aláwọ̀ tí ará ìta kò fi ní rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, àyàfi tí aláṣẹ bá fọwọ́ sí i nítorí ìlera tàbí ètò ààbò. Lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá dá fífúnni ní ìwé àṣẹ tíńtì dúró, wọ́n sì tún gbé e padà lọ́dún 2025 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Awuyewuye tẹ̀ lé e, wọ́n sún ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ ọ̀rá mọ́ ọkọ̀ ní láti kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lọ́jọ́ tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró lójú títì. Sẹ̀rámíìkì tó mọ́ kedere lè dín ooru kù láìjẹ́ pé ó fi ojú ẹni inú ọkọ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó bá dúró sójú ọ̀nà kò gbé gílóòbù ìdánwò lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ lo àkókò púpọ̀ lórí fífọ gíláàsì, tó máa fi abẹ ha á, tó máa nu etí férémù, kó tó bọ́ ẹ̀yìn ọ̀rá. Eruku kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí ayé. Ìdí nìyí tí àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku ń fẹ́ káàkiri, kì í fi í ṣe àkókò tó dára jù fún iṣẹ́ yìí, àyàfi bí wọ́n bá lè ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì wọ́n omi sílẹ̀. Omi tí wọ́n po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń fún sára gíláàsì, wọn yóò gbé ọ̀rá lé e, wọn yóò sì fi ike pẹlẹbẹ ti omi náà jáde láti àárín lọ sí etí. Wọ́n máa ń fi àlàfo tóóró, tí kò ju bíi mìlímítà kan sí méjì lọ, sílẹ̀ ní etí gbogbo. Àlàfo yẹn kì í ṣe àṣìṣe, kí onílé má bá oníṣẹ́ jà lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gíláàsì lè rí bí ẹni pé ìkúùkù wà nínú rẹ̀, tàbí kí omi díẹ̀ máa hàn bí ilé roboto kékeré. Omi tó ń gbẹ lọ ni, ó lè gba tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó tán. Èyí tó bá ṣì wà lẹ́yìn ìgbà náà, tàbí tó le bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí kò dára ni, owó tó kù lọ́wọ́ onílé ló sì máa mú kí oníṣẹ́ padà wá. Ẹni tó bá san gbogbo owó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti ju ohun ìjà rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ ìfọ̀ náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n má fọ ọ̀rá tuntun kí oṣù kan tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ló dára. Àwọn omi ìfọgíláàsì tó ń ta sánsán sí imú, tó ní ammonia nínú, lè ba ọ̀pọ̀ ọ̀rá jẹ́, fífi kàn-ìn-kàn-ìn onírin gbo ó yóò sì họ ọ́. Kí wọ́n má sì lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ojú ibi tí ọ̀rá wà, nítorí bí wọ́n bá ya ìwé náà, apá kan ọ̀rá lè bá a jáde.

Ẹni tó fi ọ̀rá oníwò-díńgí sójú yàrá nítorí pé kò fẹ́ kí ará ìta máa rí inú ilé òun tún gbọdọ̀ mọ̀ pé ọ̀sán nìkan ni ààbò yẹn wà. Apá tó bá mọ́lẹ̀ jù ló ń di díńgí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọ́n tan iná sínú yàrá, ẹni tó wà nínú kò ní rí ìta mọ́, ẹni tó wà níta ni yóò máa rí gbogbo ohun tó ń lọ nínú ilé, kọ́tìnì ló sì kù tí wọ́n máa fà.